George Gallup: ọmọ Iowa tó ń tọ́ èrò aráàlú wò bí ẹni tọ́ ọbẹ̀

Bí ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà bá ti ń sún mọ́lé, nọ́ńbà ló máa ń gba ìgboro kan. Wọ́n á ní Lágbájá ti fi ìdá méjì ṣáájú ní Pennsylvania, Tàmẹ̀dò ti lé e bá ní Wisconsin, ti Michigan ò tíì yé ẹnikẹ́ni. L'Ékòó níbí, àwọn ọmọ wa tí wọn ò ní káàdì ìdìbò kankan lọ́hùn-ún á máa fi nọ́ńbà yẹn bára wọn jiyàn lórí WhatsApp títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Ta ni wọ́n bi léèrè? Èèyàn mélòó? Níbo ni wọ́n ti rí wọn?

Ọkùnrin tó sọ àwọn ìbéèrè yẹn di iṣẹ́ ajé ni George Horace Gallup. Ó ti kú láti 1984, àmọ́ orúkọ ẹ̀ ò kú. Ní Finland àti Denmark, orúkọ ẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń pe ìwádìí èrò aráàlú. Ìtàn ẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá ń fi nọ́ńbà ìbò jà, torí pé nọ́ńbà kan náà tó gbé e dókè ló tún gbé e ṣubú lójú gbogbo ayé, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí i sì wà lára àwọn tó dójú tì í.

Ọmọ tó ń ta wàrà

Ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1901 ni wọ́n bí i ní Jefferson, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Iowa, láàárín Amẹ́ríkà, níbi tó jẹ́ pé oko àgbàdo lèèyàn máa ń rí lọ súà. Bàbá ẹ̀ ṣe tíṣà, ó dáko, ó tún ń ta ilẹ̀ àti ilé. Kì í ṣe ẹni tó ń ṣe nǹkan bí aráyé ṣe ń ṣe é. Ilé tó kọ́ fún ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀, igun mẹ́jọ ló ní. Ó kó màlúù fún George àti arákùnrin ẹ̀ pé kí wọ́n máa fún wàrà tà, kí wọ́n fi owó ẹ̀ gbọ́ bùkátà ara wọn. Owó wàrà yẹn wà lára ohun tí George fi dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama.

Nígbà tó dé Yunifásítì Iowa, ìwé ìròyìn náà ló tún dì mú. Ó di olóòtú The Daily Iowan, ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní àkókò ìsinmi ọdún 1922, ó ríṣẹ́ kan ní St. Louis: kó máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, kó máa bi àwọn èèyàn ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé ìròyìn ìlú náà. Iṣẹ́ tó ń mú lójú ni. Oòrùn ń pa á, ìbéèrè kan náà ló ń béèrè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àmọ́ ibẹ̀ ni ojú ẹ̀ ti là sí ohun tó wá fi ọjọ́ ayé ẹ̀ ṣe.

Ohun tó jẹ ẹ́ lógún ni pé èèyàn kì í sábà sọ òótọ́ délẹ̀ tí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè gbàgẹ̀rẹ̀. Bí o bá bi bàbá kan pé kí ló ń kà nínú ìwé ìròyìn, á ní ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni, ọ̀rọ̀ olóòtú ni, ọ̀rọ̀ ńlá-ńlá. Gallup wá dọ́gbọ́n sí i. Ó máa gbé odindi ìwé ìròyìn náà síwájú ẹni tó ń bi, á sì máa ṣí i ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pé kó tọ́ka sí èyí tó kà. Ìgbà yẹn ni àṣírí tú: àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń kà, ọ̀rọ̀ olóòtú tí wọ́n fi ń yangàn, wọn ò dé ibẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1928. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ ni pé bí èèyàn ṣe béèrè ọ̀rọ̀ ló ń sọ irú èsì tó máa rí gbà.

Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ìròyìn ní Iowa, ó lọ sí Yunifásítì Drake nílùú Des Moines, ó dé Northwestern. Ní 1932, Young & Rubicam, iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ìpolówó ọjà ní New York, gbà á síṣẹ́ pé kó wá máa ṣèwádìí irú ìpolówó tí àwọn èèyàn ń kà gan-an. Ìgbà tí ìyà ń jẹ Amẹ́ríkà burúkú-burúkú nìyẹn o, tí iṣẹ́ ò sí, tí àwọn ilé ìfowópamọ́ ń kógbá sílé. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ nígbà yẹn, kò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Ìyá ìyàwó ẹ̀ gbé àpótí ìbò

Gallup ti gbé Ophelia Miller níyàwó ní 1925. Bàbá Ophelia jẹ́ oníwèé ìròyìn àti olóṣèlú ní Iowa, ó sì ti kú nígbà tó di 1932. Ọdún yẹn ni ẹgbẹ́ Dẹmọkirátì ní kí ìyàwó ẹ̀, Ola Babcock Miller, wá du ipò akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Ìrètí wọn ò pọ̀. Ilé àwọn Ripọ́bílíkà ni Iowa láyé ìgbà yẹn, àfi bí ẹni fi orúkọ obìnrin náà yẹ́ ọkọ ẹ̀ tó ti kú sí.

Ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn Gallup ló gbà pé ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fi ọgbọ́n ìwádìí ẹ̀ wo ọ̀rọ̀ ìbò, tó ń wá bí ọkàn àwọn aráàlú ṣe rí sí ìyá ìyàwó ẹ̀. Ìyá náà wọlé. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀ Iowa, òun náà ló sì dá àwọn ọlọ́pàá ojú títì ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní 1935. Lóòótọ́, ọdún tí Roosevelt fẹ̀yìn Hoover balẹ̀ ni 1932, ìjì yẹn gbé ọ̀pọ̀ Dẹmọkirátì wọlé. Àmọ́ ọmọ àna wọn ti rí nǹkan: bí a bá lè mọ irú ìpolówó táwọn èèyàn ń kà, kí ló dé tí a ò ní lè mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ dìbò fún?

Ní 1935, ó dá iléeṣẹ́ ìwádìí èrò aráàlú tiẹ̀ sílẹ̀ nílùú Princeton, ní New Jersey. Inú oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni ọ̀rọ̀ tó ń kọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú àwọn ìwé ìròyìn káàkiri Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ìpolówó ọjà tó ń ṣe ní New York, kò tíì fi sílẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló ń gbọ́ bùkátà.

Ìjà òun àti Literary Digest

Ìwé ìròyìn kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Literary Digest. Láti 1916 ló ti ń sọ ẹni tó máa di ààrẹ, kò sì tíì ṣì í sọ rí. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ò le: á kọ lẹ́tà sí àìmọye èèyàn, á fi ìwé ìdìbò kékeré sínú ẹ̀, á ní kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́. Ní 1936, nígbà tí Roosevelt àti Alf Landon, gómìnà Kansas, ń du ipò, 10 mílíọ̀nù lẹ́tà ni Digest fi ránṣẹ́. Àwọn bíi 2.3 mílíọ̀nù ló dáhùn. Ta ló máa bá ẹni tó bi mílíọ̀nù méjì èèyàn jiyàn?

Gallup ni. Nínú oṣù keje, kí Digest tó fi lẹ́tà kankan ránṣẹ́ rárá, ó kọ ọ́ jáde pé Digest máa ṣì í sọ, ó sì sọ iye tí wọ́n máa gbé jáde: pé Landon ni wọ́n máa ní yóò wọlé, pẹ̀lú ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú bí olóòtú Digest gidigidi. Kò tíì sí irú ẹ̀ rí, kí ẹnìkan máa sọ èsì ìwádìí tí ẹlòmíì ò tíì bẹ̀rẹ̀. Gallup tún ṣe ohun tó le ju ìyẹn lọ. Ó ṣèlérí fún àwọn ìwé ìròyìn tó ń ra ọ̀rọ̀ ẹ̀ pé bí tòun ò bá pé ju ti Digest lọ, òun máa dá owó wọn padà. Bó bá ṣì í, gbèsè ló máa wọ̀, iléeṣẹ́ tí kò tíì pé ọdún méjì á sì parẹ́.

Kí ló mú un gbójú-gbóyà tó bẹ́ẹ̀? Ó mọ ibi tí Digest ti ń rí orúkọ. Inú ìwé tẹlifóònù, inú àkọsílẹ̀ àwọn tó ní mọ́tò, láàárín àwọn tó ń ra ìwé ìròyìn wọn. Ní 1936, ẹni tó bá ní tẹlifóònù àti mọ́tò l'Amẹ́ríkà, ọwọ́ ẹ̀ dẹ díẹ̀ nìyẹn. Àwọn tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn tí Roosevelt ń fún lówó ìrànwọ́, lẹ́tà Digest ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tí inú ń bí sí ìjọba ló máa ń yára dá lẹ́tà padà.

Gallup fẹ́ràn láti fi ọbẹ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ kò ní láti mu ìkòkò tán kó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ tó. Á rò ó pọ̀ dáadáa, á bu ṣíbí kan, á tọ́ ọ wò. Bí ìkòkò náà bá tóbi tó ti ọbẹ̀ ìnáwó, ṣíbí kan náà ló máa tọ́ wò. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kó rò ó pọ̀. Bó bá jẹ́ pé epo tó léfòó lókè nìkan ló ń bù, bó bá bu igba ṣíbí, kò tíì mọ bí ọbẹ̀ ṣe rí nísàlẹ̀. Epo tó léfòó ni Digest bù.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò, Roosevelt ní nǹkan bí ìdá 61. Ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 ló mú. Maine àti Vermont nìkan ló kù fún Landon. Digest ti ní Landon máa gba nǹkan bí ìdá 57. Gallup, tí àwọn tó bi ò ju nǹkan bí 50,000 lọ, ti sọ pé Roosevelt ló máa wọlé pẹ̀lú ìdá 56. Digest ò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn ẹ̀ tó fi kógbá sílé. Gallup di ẹni tí gbogbo ayé ń wá.

Ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa ṣá o. Gallup sọ 56, èyí tó ṣẹlẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 61. Ó fi nǹkan bí ìdá márùn-ún dín ìbò Roosevelt kù. Torí pé ẹni tó ní yóò wọlé ló wọlé, kò sẹ́ni tó rántí béèrè pé ìdá márùn-ún yẹn dà. Ní 1940 àti 1944, Roosevelt tún wọlé bí Gallup ṣe wí, ìbò ẹ̀ sì tún ju iye tí Gallup sọ lọ. Ìgbà mẹ́ta léra wọn ló kù síbì kan náà. Àìsàn tó máa ṣeni, díẹ̀ díẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ẹ̀ka iléeṣẹ́ ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1937 sọ ní 1945 pé ẹgbẹ́ Lébọ̀ ló wà níwájú. Ọ̀pọ̀ ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ta ló máa fìdí Churchill tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun Hitler rẹmi? Lébọ̀ wọlé. Ìyẹn tún fi kún ògo Gallup.

Ọdún 1948

Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí bí wọ́n ṣe ń dìbò ààrẹ l'Amẹ́ríkà. Kì í ṣe gbogbo ìbò orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń dà pọ̀ kà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye máàkì tiẹ̀, ẹni tó bá sì mú ìpínlẹ̀ náà, ì báà jẹ́ ìbò kan péré ló fi ju èkejì lọ, òun ló sábà máa ń kó gbogbo máàkì ibẹ̀ lọ. Àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tí gbogbo èèyàn ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn kan sì wà tí wọn ò dúró sójú kan, lónìí wọ́n wà lọ́tùn-ún, lọ́la wọ́n wà lósì. Àwọn wọ̀nyẹn ló ń yan ààrẹ. Ẹni tó bá mọ ọkàn orílẹ̀-èdè lápapọ̀ tí kò mọ ọkàn àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyẹn, ìdajì ọ̀rọ̀ ló mọ̀.

Ní 1948, Harry Truman, Dẹmọkirátì tó gorí àlééfà nígbà tí Roosevelt kú, ń bá Thomas Dewey, gómìnà New York, du ipò. Ẹgbẹ́ Truman ti fọ́ sí mẹ́ta. Strom Thurmond kó àwọn kan lọ ní gúúsù, Henry Wallace kó àwọn mìíì lọ. Gbogbo oníwádìí ló ní Dewey ló máa wọlé. Elmo Roper, ọ̀kan lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, ti dá ìwádìí tiẹ̀ dúró láti oṣù kẹsàn-án, ó ní kò sí ohun tó kù láti wá. Gallup ṣe tiẹ̀ dé inú oṣù kẹwàá, àmọ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ìbò tó dé, àwọn èèyàn ẹ̀ ti káwọ́ kúrò. Ó gbé e jáde pé Dewey máa ní ìdá 49.5, Truman 44.5.

Àwọn àgbẹ̀ Iowa ló yẹ kó kọ́kọ́ bi, àwọn tó mọ̀ láti kékeré. Láàárín ìgbà yẹn, owó àgbàdo já wálẹ̀ gan-an torí pé irè pọ̀ lọ́dún náà. Ìjọba ní ètò kan tó fi ń ya àgbẹ̀ lówó lórí irè ẹ̀ kó má baà tà á ní ọ̀pọ̀, àmọ́ àgbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ rí àká gidi kó o sí. Ilé aṣòfin tó wà lọ́wọ́ àwọn Ripọ́bílíkà ti dín agbára ìjọba kù láti pèsè àká. Àgbẹ̀ tí kò bá ní àká ò rówó yá, ẹni tí kò bá rówó yá á ta àgbàdo ẹ̀ ní owó tí kò tó nǹkan. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹsàn-án, Truman lọ bá ogunlọ́gọ̀ àgbẹ̀ níbi ìdíje ìtúlẹ̀ kan ní Dexter, ní Iowa kan náà, ó sì di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà ru àwọn Ripọ́bílíkà. Ní 1940 àti 1944, Ripọ́bílíkà ni Iowa dìbò fún. Àmọ́ ọkàn àwọn àgbẹ̀ ti ń yí díẹ̀ díẹ̀, bí irè ṣe ń bọ̀ lóko ló túbọ̀ ń yí. Àwọn èèyàn Gallup ò sí níbẹ̀ mọ́ láti bi wọ́n.

Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ni wọ́n dìbò. Ìwé ìròyìn Chicago Daily Tribune ò tiẹ̀ dúró kí wọ́n kà á tán tó fi tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sójú ìwé àkọ́kọ́ pé Dewey ti wọlé. Lẹ́yìn ìgbà tí gbogbo ẹ̀ já sófo, Truman gbé ìwé ìròyìn yẹn sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn oníròyìn ya fọ́tò ẹ̀. Fọ́tò yẹn ò tíì kúrò nílẹ̀ dòní. Truman ní bí ìdá 49.5, Dewey ní bí 45. Àfi bí ẹni gbé nọ́ńbà Gallup, tó pààrọ̀ orúkọ tó wà níwájú wọn.

Iowa dìbò fún Truman, ó fi ìbò tó lé ní 28,000 ju Dewey lọ níbẹ̀. Àmọ́ Ohio, California àti Illinois gan-an ló yan ààrẹ ọdún yẹn. Ní Ohio, ìbò 7,107 ni Truman fi jù ú lọ. Ní California, 17,865. Ní Illinois, 33,612. Bí ẹ bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kò tó 60,000, nínú nǹkan bí 49 mílíọ̀nù ìbò tí wọ́n dì káàkiri orílẹ̀-èdè. Máàkì 78 làwọn ìpínlẹ̀ mẹ́ta yẹn ní láàárín wọn. Ká ní Dewey ló mú wọn ni, 189 tó ní ì bá di 267, ẹni tó bá sì ní 266 ti wọlé. Kò sí ìwádìí kankan láyé ìgbà yẹn tó lè rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Òun ló fi yẹ kí ẹni tó ń ṣe é sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ojú tì wọ́n. Àwọn ìwé ìròyìn kan fagi lé àdéhùn tí wọ́n bá Gallup ṣe. Aláwàdà orí rédíò ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wá ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì gbé àbọ̀ wọn jáde ní 1949. Ohun méjì ló hàn jù. Èkíní, wọ́n tètè dáwọ́ dúró, àwọn tó yí ọkàn padà lẹ́yìn wọn pọ̀. Èkejì, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan ẹni tí wọ́n ń bi ò dáa. Wọ́n á sọ fún ẹni tó ń lọ béèrè ọ̀rọ̀ pé kó bi ọkùnrin báyìí, obìnrin báyìí, àgbà báyìí, tálákà báyìí. Àmọ́ wọn ò sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ bi. Òun fúnra ẹ̀ ló ń yàn. Ìwọ náà rò ó wò: tí wọ́n bá ní kó o lọ bi tálákà márùn-ún, ṣé inú ọ̀gbàrá ẹ̀yìn ilé lo máa wọ̀, àbí ẹni tó wọṣọ tó mọ́ tó jókòó síwájú ilé lo máa bá? Ẹni tó wọṣọ tó mọ́ ni wọ́n ń bi. Ẹni yẹn ló sì sábà máa ń dìbò fún Ripọ́bílíkà. Ìdá márùn-ún tó sọnù ní 1936 nìyẹn, tí kò sẹ́ni tó wá a.

Bó ṣe dìde

Ẹlòmíì ì bá padà sídìí ìpolówó ọjà. Gallup ò sá. Ó gbà pé àwọn ṣì í, ó sì lọ tún ilé ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣàyàn oríire ṣe é, bí ẹni ta tẹ́tẹ́: àdúgbò ni wọ́n á kọ́kọ́ fà yọ, lẹ́yìn náà ojúlé, kò sí àyè fún ẹni tó ń lọ béèrè ọ̀rọ̀ láti yan ẹni tó wù ú mọ́. Iléeṣẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn kí ìbò tó dé. Wọ́n tún ṣètò ìbéèrè tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó máa jáde lọ dìbò lóòótọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń fẹnu sọ ọ́. Láti ìgbà náà, àṣìṣe wọn dín kù púpọ̀. Ní 1960, wọ́n ní Kennedy máa fi díẹ̀ ju Nixon lọ, bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọn ò bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe pátápátá ṣá: ní 1976, wọ́n ní Ford fi ìdá kan ṣáájú Carter, Carter ló wọlé.

Òun fúnra ẹ̀ ti jáwọ́ nínú dídìbò ààrẹ láti ẹ̀yìn ìbò 1928, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ń gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Kò sì gba iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé ọdún mẹ́rin ti jìnnà jù láti gbọ́ ohùn aráàlú lẹ́ẹ̀kan, pé ó yẹ kí ìjọba máa gbọ́ ohun tí mẹ̀kúnnù ń rò láàárín ìbò kan sí èkejì, kì í ṣe ti àwọn olówó tó lè wọ ọ́fíìsì gómìnà nígbà tó bá wù wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yẹn dáa, àmọ́ ó ní ibi tó kù sí. Láyé ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà ò lè dìbò torí òfin àti ìhàlẹ̀ àwọn funfun. Gallup, tó jẹ́ pé àwọn tó ń dìbò ló ń wá, kì í fi bẹ́ẹ̀ bi wọ́n ní ohunkóhun. Wọ́n fi ìbò dù wọ́n, wọ́n tún fi wọ́n sílẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní èrò aráàlú. Àwọn obìnrin àtàwọn tálákà náà ò pọ̀ tó nínú ìṣirò ẹ̀. Ẹni tó ní òun ń gbọ́ ohùn gbogbo ìlú, ó ṣì gbọ́dọ̀ sọ fún wa àwọn tó kà mọ́ ìlú.

Ní ọjọ́ 26, oṣù keje, 1984, ọkàn ẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìsinmi ẹ̀ lókè abúlé kan ní Switzerland. Ẹni ọdún 82 ni. Princeton ni wọ́n sin ín sí. Àwọn ọmọ ẹ̀ bá iṣẹ́ náà lọ díẹ̀ kí wọ́n tó tà á ní 1988. Ní 2015, iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ sọ pé àwọn ò ní bá wọn sọ ẹni tó ń ṣáájú nínú ìbò abẹ́lé ọdún tó tẹ̀ lé e mọ́. Iṣẹ́ tó sọ bàbá di gbajúmọ̀ ti le ju bó ṣe rò lọ.

Ohun tó fi sílẹ̀ fún wa

Ní 2016, 1948 tún padà wá. Wisconsin, Michigan àti Pennsylvania ló yan Donald Trump. Iye tó fi ju Hillary Clinton lọ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò pé 80,000. Nígbà táwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí wọ́n rí fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti 1949: àwọn kan pinnu lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ìwádìí ìpínlẹ̀ ò sì ṣe àtúnṣe tó yẹ fún àwọn tí kò lọ yunifásítì, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó lọ ló ń dáhùn jù. Ní 2024, ní Iowa gan-an, ìwé ìròyìn Des Moines Register, tí Gallup ti fi àwọn tó ń kà á ṣèwádìí nígbà èwe ẹ̀, gbé ìwádìí kan jáde ku díẹ̀ kí ìbò dé pé Kamala Harris fi ìdá mẹ́ta ṣáájú. Ann Selzer tó ṣe é, gbogbo ayé ló ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀. Trump fi nǹkan bí ìdá 13 mú Iowa.

Nílé wa níbí náà, ọwọ́ Gallup ti kan ọ̀rọ̀ wa. NOIPolls, iléeṣẹ́ tí Ngozi Okonjo-Iweala dá sílẹ̀ ní Àbújá, iléeṣẹ́ Gallup ló bá a ṣe pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Kí ìbò 2023 tó dé, ìwádìí orí tẹlifóònù tí wọ́n bá ANAP Foundation ṣe fi Peter Obi síwájú. Nígbà tí INEC ka ìbò, Bola Tinubu ní 8.79 mílíọ̀nù, Atiku Abubakar ní 6.98, Obi ní 6.10. Títí dòní ni àwọn èèyàn ń jà lórí ẹ̀, àwọn kan ní ìwádìí ló ṣì í, àwọn kan ní ìbò ni. Àmọ́ ẹni tó bá ka ìwádìí náà dé ìsàlẹ̀ máa rí i pé ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ lára àwọn tí wọ́n bi ló ní àwọn ò tíì pinnu tàbí pé àwọn ò ní sọ. Ẹni tó dákẹ́ lórí fóònù kò dákẹ́ nínú àgọ́ ìdìbò. Yàtọ̀ síyẹn, ìbéèrè tí Gallup fi bá Digest jà ní 1936 ṣì wà níbẹ̀: ta ló ní fóònù, ta ni kò ní, ta ni kì í gbé ìpè tí kò mọ nọ́ńbà ẹ̀?

Torí náà, nígbà míì tẹ́nì kan bá tún fi nọ́ńbà ìbò ránṣẹ́ sí yín, ti ibí ni o, ti òkè òkun ni o, ẹ má yára fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíì. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ náà, iye èèyàn tí wọ́n bi, bí wọ́n ṣe rí wọn, àti iye àwọn tí kò fẹ́ dáhùn. Bí ẹ ò bá rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àròsọ lásán ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Bí ẹ bá sì rí i, tí ẹnìkan fi ìdá méjì péré ju èkejì lọ, ẹ fọkàn sí i pé kò tíì sẹ́ni tó wọlé.